Ásíìdì tàbí Ẹ́ńsáìmù Olu: Èwo Ni Ká Fi Tú Ṣúgà Inú Pòpórò Àgbàdo?

Ṣúgà pọ̀ nínú pòpórò àgbàdo, àmọ́ ó so kọ́ra pinpin nínú sẹ́lúlóòsì, ìyẹn okùn tó gbé ara ewéko ró.

Ásíìdì tí a fi omi là yára. Nínú ooru tó ju 160°C lọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó yẹ kó dúró: ó ń sọ lára ṣúgà náà di kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ furfural, èyí tí kì í jẹ́ kí ìwúkàrà tó ń sọ ṣúgà di ọtí ṣiṣẹ́. Ó tún ń jẹ irin.

Ẹ́ńsáìmù, ìyẹn èròjà tó ń tú nǹkan, tí olu Trichoderma reesei ń ṣe ló wù mí jù. Lára aṣọ àgọ́ tó ń jẹrà mọ́ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ní Erékùṣù Solomon, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni wọ́n ti rí olu yìí. Ẹ wo bí àwọn ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ṣe ń pín iṣẹ́: ọ̀kan á gé okùn sẹ́lúlóòsì láàárín, òmíràn á máa jẹ ẹ́ bọ̀ láti etí, ẹ̀kẹta á pín ṣúgà tó so ní méjì-méjì sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nǹkan bíi 50°C ti tó wọn. Wọ́n wọ́n lówó lóòótọ́, wọ́n sì lè gba ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Ẹ tún gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ooru tú pòpórò náà, torí lignin, ohun líle tó lẹ̀ mọ́ sẹ́lúlóòsì, ló dí wọn lọ́nà.

Tó bá jẹ́ ètanóòlù, ìyẹn ọtí inú ṣúgà, lẹ fẹ́ ṣe, ẹ mú ẹ́ńsáìmù. Tó bá jẹ́ furfural gan-an lẹ ń wá, ásíìdì ni kí ẹ lò.