Pálẹ́ẹ̀tì Àlòkù: Ká Tú U Kàn, Tàbí Ká Fi Dáná?

Ní Ṣágámù tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí, ọ̀nà méjì ni pálẹ́ẹ̀tì àlòkù, ìyẹn pákó tí wọ́n kàn pọ̀ láti máa to ẹrù lé lórí, sábà máa ń gbà: káfíńtà á tú u, tàbí kó di igi ìdáná lábẹ́ agbada gàrí.

Ẹ kọ́kọ́ wo òǹtẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tó ní àwòrán ṣírí àlìkámà. HT ni pé ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú igi náà, 56°C dé àárín igi fún ìṣẹ́jú 30. MB ni pé gáàsì olóró, methyl bromide, ni wọ́n lò. Ẹ má kan MB, ẹ má sì sun ún. Ẹ dá a padà fún ẹni tó kó o wá. Bákan náà ni èyí tí kẹ́míkà ti dà sí lára.

HT tó mọ́, títú u ni mo fara mọ́. Ó ń di bẹ́ńṣì, ó ń di ilé adìẹ. Ìṣó rẹ̀ ló ń dá wàhálà sílẹ̀, torí ó máa ń lọ́. Ẹni bá fi agídí fà á, pákó á là. Ẹ ki ayùn irin bọ àárín pákó méjì, kí ẹ gé ìṣó náà níbẹ̀. Orí rẹ̀ á kù sínú pákó, kò burú.

Ti iná yá lóòótọ́, àmọ́ kíá ló ń jó tán, ìṣó á sì kù sínú eérú, á máa gún ẹni lẹ́sẹ̀. Èyí tí wọ́n kùn lọ́dà tún burú jù: àwọn ìyá wa tó ń yan gàrí Ìjẹ̀bú ló ń fa èéfín rẹ̀ símú látàárọ̀. Àfọ́kù HT tí kò lọ́dà nìkan ni kí ẹ kó fún wọn.