Ẹ ṣọ́ra o! Inverter tí wọ́n kọ 3000W sí lára, tí kò lè gbé áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ohun tó ṣe mí ṣe yín. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìbínú mi ti ju ìtìjú lọ. Wọ́n lù mí ní jìbìtì ní ojúkorojú, wọ́n tún fún mi ní rìsíìtì.

Inverter oníbátìrì 12 fóòtì, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, ni mo rà. 3000W ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára. Mo so ó mọ́ bátìrì, iná tàn, fáànù ń fẹ́, tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀. Ni mo bá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Áyọ́ọ̀nù 1000 wáàtì péré o! Ká tó ṣẹ́jú, gbogbo ẹ̀ kú pii. Fíùsì ti jó. Ẹ̀rọ tó ní òun á gbé 3000, 1000 kò ṣeé gbé fún un!

Mo pe ọlọ́jà. Ó ní bátìrì mi ló ti gbó. Bátìrì tuntun! Nígbà tí mo yarí, ó yí ohùn padà, ó ní áyọ́ọ̀nù mi ló burú, pé iná tó ń jẹ ju èyí tí wọ́n kọ sí i lára lọ. Ó fi ẹnu dídùn sọ ọ́ débi pé èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí áyọ́ọ̀nù tí mo ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Mo lọ yá mítà. Mo ki áyọ́ọ̀nù bọ iná tó ń wá láti orí òpó: fóòtì 230, áńpù 4.3. Ẹ fi 4.3 pín 230, ìdènà inú rẹ̀ á fún yín ní nǹkan bí óòmù 53. Ẹ wá sọ 230 di ìlọ́po 4.3, wáàtì 989. Mo yọ ọ́, mo jẹ́ kó tutù, mo fi mítà wọn óòmù rẹ̀ tààrà, 53 náà ni. Áyọ́ọ̀nù kò purọ́! Ohm, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, ti tẹ ìṣirò óòmù yìí jáde láti ọdún 1827, ọlọ́jà kan wá fẹ́ fi ẹnu yí i dà lórí fóònù.

Mo fi hàn án. Kò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Fíùsì yẹn ló kéré, ẹ fi èyí tó tóbi sí i." Mo sì gbọ́ tirẹ̀. Ẹ má bú mi o! Ta ni kò ní gbọ́? Ṣebí òun ló ta ọjà, ṣebí òun ló yẹ kó mọ̀ ọ́n? Mo yọ fíùsì oní-áńpù 30 méjì tó bá a wá, mo fi oní-áńpù 40 méjì sí i. Áyọ́ọ̀nù gbóná lóòótọ́, mo tún ń yọ̀. Ìgbà tó yá, òórùn rọ́bà gba gbogbo ilé. Ara wáyà ti yọ́, èéfín ń rú láti inú ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ pé òru ni ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé ọmọdé nìkan ló wà nílé ńkọ́?

Ó yẹ kí n ti rí i. Fóòtì lọ́nà áńpù ni wáàtì, ta ni wọn ò kọ́ nílé ìwé? Fíùsì 30 méjì, áńpù 60 nìyẹn. 60 lọ́nà 12, wáàtì 720 péré. Kó tó lè gbé 3000, áńpù 250 ló gbọ́dọ̀ máa fà nínú bátìrì, ká má tíì ka èyí tó ń ṣòfò nínú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Fíùsì tó wà lára rẹ̀ ló ń jẹ́rìí pé irọ́ ni wọ́n kọ! Ṣùgbọ́n ṣé tí mo bá fẹ́ ra ẹ̀wù, màá kọ́kọ́ jókòó ka òwú ara rẹ̀ ni? Wọ́n kọ 3000, mo ka 3000. Ẹ̀bi tèmi dà níbẹ̀?

Èmi nìkan kọ́ o. Ẹnì kan tó ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn gbé tirẹ̀ wá, a tan gílóòbù 500 wáàtì sí i. Áńpù 50 ló ń fà. Lórí bátìrì, fóòtì 12.4, lẹ́nu ẹ̀rọ, 11.2. Wáyà tín-ín-rín tó bá a wá ti gbé fóòtì 1.2 mì! 1.2 lọ́nà 50, wáàtì 60 ló ń di ooru lásán lára wáyà. Abájọ tó fi yọ́.

Ẹ fi fóòtì bátìrì pín wáàtì tí wọ́n bá kọ, kí ẹ wá wo fíùsì àti wáyà bóyá wọ́n lè gba áńpù yẹn. Ẹ bi wọ́n ní èyí tó lè gbé láti àárọ̀ dalẹ́, nítorí nígbà tí mo há ọ̀gá yìí mọ́ ògiri, ó ní 3000 yẹn, ti ìṣẹ́jú àáyá kan ni! VA (fóòtì-áńpù) tí wọ́n máa ń kọ sára inverter náà kì í ṣe wáàtì tó lè gbé, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn tàn yín. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi fíùsì ńlá rọ́pò kékeré, ẹ sá fún un, ilé yín ló fẹ́ jó. Ní tèmi, mi ò gba ọlọ́jà kankan gbọ́ mọ́, bó ti wù kó máa búra.

Ó ti dí mi pa lórí fóònù rẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà ló tún gbé jáde báyìí, àwòrán kan náà, bátìrì 12 fóòtì náà, àmọ́ 5000W ló kọ sí i. Áńpù 416 ó lé! Ẹ bá mi bi í léèrè wáyà tó máa gbé e.