Mo fi Google Maps wá àdúgbò tí màá gbé

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Tí ẹ bá wá síbí láti mọ̀ bóyá Google Maps ń júwe ọ̀nà dáadáa, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ìyẹn ti di ohun tí ọmọdé mọ̀. Iṣẹ́ tí mo fi ṣe yàtọ̀. Iṣẹ́ tuntun ló gbé mi lọ sí ìlú ńlá kan tí n kò mọ igun kan nínú rẹ̀. Ibi iṣẹ́ náà kò sì sí láàárín ìlú, ẹ̀yìn odi ló wà, níbi tí ilé ìkẹ́rùsí ti pọ̀ ju ilé gbígbé lọ. Mo ní láti mọ àdúgbò tí màá ti gba ilé kí n tó di ẹrù mi. Ìmọ̀ràn méjì ni gbogbo èèyàn ń gbà mí: "Àárín ìlú ni kí o gbé, ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan wà," tàbí "Gbé ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́, kí o máa fẹsẹ̀ rìn." Méjèèjì dùn létí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ iye wákàtí tí màá máa lò lójú ọ̀nà fún mi.

Wákàtí ni mo ń wá, n kò wá kìlómítà. Cesare Marchetti, onímọ̀ físíìsì ọmọ Ítálì, kọ ọ́ ní 1994 pé nǹkan bíi wákàtí kan lóòjọ́ ni ọmọ aráyé máa ń lò fún lílọ bíbọ̀, láti ayé ìrìn ẹsẹ̀ títí dé ayé mọ́tò. Ohun ìrìnnà tó yára sí i kì í dá àkókò padà fún wa, ńṣe la máa ń lọ gbé ibi tó túbọ̀ jìn. Alois Stutzer àti Bruno Frey, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Switzerland, gbé ìwádìí jáde ní 2008 látinú ìdáhùn àwọn ará Jámánì: àwọn tí ọ̀nà iṣẹ́ wọn jìn kì í ní ìtẹ́lọ́rùn tó àwọn tí tiwọn kúrú. Èèyàn á rò pé owó ilé tó dínkù tàbí owó oṣù tó gbé pẹ́ẹ́lí ti dí àlàfo yẹn. Kò dí i. Èmi tí mo ti rí àgbà ọ̀gá tó ń hanrun nínú bọ́ọ̀sì àárọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò yà mí lẹ́nu.

Ohun tó dára jù nínú áàpù náà jẹ́ ibi kékeré kan tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fọwọ́ kàn. Ẹ fi àdúgbò tí ẹ ń rò sí ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi ibi iṣẹ́ sí òpin, kí ẹ wá yan "Arrive by", aago 8 àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Áàpù náà máa ka àkókò sẹ́yìn, ó sì máa sọ ìgbà tó yẹ kí ẹ ti kúrò nílé. Èyí kò jọ kí èèyàn nà gbalaja sórí àga laago 10 alẹ́, kó máa béèrè bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó nígbà tí ọ̀nà ti dá páropáro. Irú ìbéèrè alẹ́ bẹ́ẹ̀ ló ń bí ìpolówó ilé tó ní "ogún ìṣẹ́jú péré". Mo bi alágbàtà kan pé ogún ìṣẹ́jú aago mélòó. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yí ọ̀rọ̀ sí bí bálùwẹ̀ ilé náà ṣe fẹ̀ tó.

Fún ẹni tó ń wakọ̀, nọ́ńbà méjì ló máa ń mú wá. Ó lè ní 35 sí 40 ìṣẹ́jú, ó sì lè ní 30 sí 70. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni kí ẹ tẹjú mọ́. Àdúgbò 30 sí 70 yá lọ́jọ́ tó bá wù ú, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó burú lẹ máa máa múra dè láràárọ̀, nítorí ẹ kò mọ ọjọ́ tó máa jẹ́. Ilé 70 ìṣẹ́jú lẹ gbà nìyẹn, bó ti wù kí wọ́n pè é. Àdúgbò tí wọ́n yìn jù fún mi, èyí nìkan ni mo fi yọ ọ́ kúrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ọ̀nà àbọ̀, láti ibi iṣẹ́ sílé, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí "Traffic", kí ẹ yí i kúrò lórí "Live" sí "Typical traffic". Ẹ lè máa fa aago síwájú sẹ́yìn, kí ẹ sì máa wo bí títì ṣe ń ti àwọ̀ ewé bọ́ sí pupa. Afárá kan wà nítòsí ibi iṣẹ́ mi tó mọ́ tónítóní láàárọ̀, tó sì ń pọ́n kankan kí iṣẹ́ tó parí. Gbogbo àdúgbò tó wà lódìkejì afárá yẹn, mo pa á rẹ́ lọ́jọ́ kan náà. (Nǹkan mìíràn tí máàpù kò ní sọ: tí ilé yín bá wà ní ìwọ̀ oòrùn ibi iṣẹ́, oòrùn á wà lójú yín bí ẹ ṣe ń wakọ̀ lọ, á tún wà lójú yín bí ẹ ṣe ń bọ̀. Ìlà oòrùn ló yẹ kí ẹ gbé tí àyè bá wà.)

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ èrò lẹ máa wọ̀, ọ̀rọ̀ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlú tún gba àròjinlẹ̀ sí i. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá, ojú irin máa ń ti àárín ìlú nà káàkiri bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń ti ẹ̀gbẹ́ ìlú wọ àárín ni wọ́n là á fún. Ẹni tó fẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kò sí nínú ìṣirò wọn. Àdúgbò kan wà tí ìka mi kan ṣoṣo lè bo òun àti ibi iṣẹ́ mi pa pọ̀ lórí máàpù. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ní láti gbé mi wọ àárín ìlú ná, kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n tó wọ òmíràn tó máa gbé mi jáde padà. Òmíràn wà tó jìn ju ìyẹn lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan ṣoṣo ló dé ibi iṣẹ́, ó sì ń lọ lódì sí èrò. Bí gbogbo ayé ṣe ń rọ́ wọ ìlú láàárọ̀, tèmi ń jáde, mo sì ń rí àga jókòó. Ibẹ̀ ni mo gbé báyìí.

Áàpù náà ní àṣàyàn tó máa fi ọ̀nà tí pààrọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ kéré hàn yín. Ẹ lò ó, ẹ sì tún wo iye ìgbà tí ọkọ̀ ń wá. Bọ́ọ̀sì tó ń dé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, tẹ́ ẹ bá pàdánù rẹ̀, ẹ máa pòṣé lásán ni. Èyí tó ń dé ní wákàtí wákàtí máa kó bá gbogbo ọjọ́ yín. Èsì ìwádìí kan lè kọ 40 ìṣẹ́jú fún méjèèjì láìfi ìyàtọ̀ yìí hàn, àfi tí ẹ bá tẹ ọkọ̀ náà láti rí àkókò àwọn tó tẹ̀ lé e.

Ó dára kéèyàn mọ ibi tí ìmọ̀ yìí ti ń wá. Fóònù àwọn tó wà lójú ọ̀nà ni Google fi ń mọ̀ pé ọ̀nà dí. Fídíò kan jáde ní 2020 níbi tí Simon Weckert, oníṣẹ́ ọnà ará Jámánì, ti kó fóònù 99 sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù kékeré, tó rọra ń fà á lọ lójú títì Berlin tó ṣófo. Máàpù kun títì náà ní pupa. Ti ọkọ̀ èrò yàtọ̀: ní 2005, Google àti TriMet, àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò ní Portland ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ètò fáìlì kan tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi ń kó àkókò ọkọ̀ wọn ránṣẹ́, irú fáìlì yẹn sì ni ìlú púpọ̀ ń lò títí di òní. Níbi tí ọkọ̀ kéékèèké kò bá ní àkókò tí wọ́n kọ sílẹ̀, kò sí fáìlì tí wọ́n máa fi ránṣẹ́. Ní Nairobi ní Kenya, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló gbé fóònù wọnú matatu, bọ́ọ̀sì kéékèèké tí èrò ń wọ̀ níbẹ̀, láti ya ọ̀nà wọn kó tó lè wọ Google Maps ní 2015. Nítorí náà, tí máàpù bá ní kò sí ọkọ̀ ní àdúgbò kan, ẹ bi ará ibẹ̀ léèrè kí ẹ tó gbà.

Street View, apá Google Maps tó ń fi àwòrán ojú títì hàn, tó ti wà láti 2007, wúlò fún nǹkan kan pàtó: ìrìn ẹsẹ̀ láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé. Ṣé ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà? Ṣé òpó iná wà? Ṣé òkè ni wọ́n ń gùn? Ẹ máa wo ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà, torí ó lè ti pẹ́ lọ́dún. Níbi tí àwòrán àtijọ́ bá wà, ẹ lè fi wọ́n wé tuntun, kí ẹ rí i bóyá àdúgbò ń gbèrú ni àbí ṣọ́ọ̀bù ń tì. Ojú ọ̀sán ni gbogbo rẹ̀, kò sì gbé ariwo. Ọgbọ́n tí mo dá sí ti ariwo ni pé mo lọ ka àgbéyẹ̀wò oníràwọ̀ kan lórí àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó wà ládùúgbò náà. Àlejò tí kò rí oorun sùn kì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́: réluwé ẹrù òru, ilé ijó, ọkọ̀ òfuurufú tó ń balẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń kà sílẹ̀.

Ibi tí mo ti yọ ìràwọ̀ kan rèé. Ibi tí ẹ bá dárúkọ nìkan ni Google Maps máa ń dáhùn lé lórí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó lọ sí ìlú kò sì mọ orúkọ tó máa dá. Ohun tó yẹ kéèyàn lè béèrè ni pé: "Fi gbogbo ibi tí mo lè ti dé ibi iṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú 45 hàn mí." Kì í ṣe ohun tuntun o. Francis Galton, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti ya irú máàpù bẹ́ẹ̀ ní 1881, tó fi àwọ̀ pín ayé sí iye ọjọ́ tí ìrìn àjò láti London máa gbà. Lóde òní, ìkànnì kan tó ń jẹ́ Mapnificent ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọkọ̀ èrò ní àwọn ìlú tó ní fáìlì àkókò. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí àdúgbò tí mo gbà gan-an, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò dá fún mi rí. Mo wá gbé e lọ sí Google Maps fún àyẹ̀wò aago 8.

Owó ilé kò sí lórí máàpù, bẹ́ẹ̀ ni omi ẹ̀rọ àti ìwà onílé. Ẹ ro owó ilé àti owó ọkọ̀ oṣù kan pọ̀ kí ẹ tó sọ pé ibì kan dínwó. Èrò mi tún ni pé ibi tí ọ̀nà ojú irin méjì ti pàdé sàn ju ẹ̀gbẹ́ ibi iṣẹ́ lọ, nítorí iṣẹ́ lè yí padà kí àdéhùn ilé tó parí, ọkọ tàbí aya sì lè rí tirẹ̀ sí ìhà kejì ìlú. Ní tèmi, ilé ìgbà díẹ̀ tó ti ní àga àti bẹ́ẹ̀dì ni mo kọ́kọ́ gbà, mo sì fi ara mi gun ọkọ̀ àárọ̀ náà kí n tó fọwọ́ sí ìwé.

Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ òru tàbí òpin ọ̀sẹ̀, ẹ má fi aago 8 ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣe àyẹ̀wò yín. Ẹ fi aago tí ẹ máa ń wọlé sí i, ní ọjọ́ Àìkú, torí àkókò ọkọ̀ ọjọ́ yẹn yàtọ̀ sí ti ọjọ́ iṣẹ́. Fún àbọ̀, ẹ yan "Last", tó máa sọ ọkọ̀ tó kẹ́yìn. Tí ọkọ̀ tó kẹ́yìn bá ti lọ kí ẹ tó ṣíwọ́, ẹ wá àdúgbò mìíràn, kódà bí ilé ìdáná ibẹ̀ bá dára tó kí èèyàn sunkún.