Ọjọ́ 74 ni àbí ọjọ́ 102? Àgbéyẹ̀wò ẹ́jẹ́ńsì tó bá wa wá máníjà HR

Láti ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2025 sí ọjọ́ 16 oṣù Èbìbí, ọjọ́ 74 ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, kó kà á. Iye ọjọ́ tí máníjà HR (ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́) tí ẹ́jẹ́ńsì kan ní Ìkẹjà bá wa wá fi jókòó lórí àga nìyẹn kó tó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ìwé àdéhùn wọn sọ pé bí ẹni tí wọ́n mú wá bá lọ láàárín 90 ọjọ́, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. A pè wọ́n. Wọ́n ní ọjọ́ 102 ni.

Báwo ló ṣe di 102? Wọ́n ń kà á láti ọjọ́ 3 oṣù Èrèlè, ọjọ́ tí ọkùnrin náà tọwọ́ bọ ìwé ìgbanisíṣẹ́. Oṣù kan gbáko ló ṣì fi wà níbi tó ti ń bọ̀, torí ó ní láti fún wọn ní nótíìsì oṣù kan. Ta ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Máníjà tó bá lè wọṣẹ́ lọ́jọ́ kejì tó gba lẹ́tà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Tí wọ́n bá wá ń ka ọjọ́ 28 tí ẹni náà kò tíì débẹ̀ mọ́ ọ lọ́rùn, 90 ọjọ́ tó wà nínú ìwé ti di 62 nìyẹn.

Ọmọbìnrin tó gbé fóònù lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 19, kò ní wàhálà kankan. “Ẹ kú iṣẹ́ sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.” Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló fi pè padà. Ọ̀gá tí wọ́n yàn pé kó máa bójú tó wa ni wàhálà. “Sà, ẹ wo ìpínrọ̀ keje, láti ìgbà placement ni.” Èwo ni placement? Ìwé tó tọwọ́ bọ̀ ni àbí iṣẹ́ tó wọ̀? Ó ní bí àwọn ṣe ń kà á fún gbogbo oníbàárà nìyẹn. A ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Kò kọ ọ́. Ímeèlì mẹ́ta la fi ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ẹyọ kan ló fèsì sí, ìnfọ́ìsì tuntun fún wíwá ẹnìkejì ló sì so mọ́ ọn.

Owó tó sì ń bèèrè fún lẹ́ẹ̀kejì yẹn, ẹ gbọ́ iye rẹ̀. ₦600,000 ni owó-oṣù ipò náà, ₦7,200,000 lọ́dún. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ń gbà, ìyẹn ₦1,080,000, VAT 7.5% gun orí rẹ̀, ₦81,000. Ó di ₦1,161,000. A san ìdajì nígbà tí a tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú wọn, ìdajì kejì di ọjọ́ tí ẹni náà bá dé ẹnu iṣẹ́.

Ìdajì kejì yẹn ló dá ẹjọ́ náà. Akáńtì wa lọ tú fáìlì, ó yọ ìnfọ́ìsì wọn jáde: ọjọ́ 3 oṣù Ẹrẹ́nà ni wọ́n kọ sí i, ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ iye owó sì ni pé olùwáṣẹ́ ti wọṣẹ́ lónìí, placement ti parí. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbowó, ọjọ́ ìwọṣẹ́ ni placement. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sá fún iṣẹ́, ó di ọjọ́ ìtọwọ́bọ̀wé. A ya fọ́tò ìwé méjèèjì, a fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá àgbà wọn láìfi ọ̀rọ̀ púpọ̀ kún un. Kò tó wákàtí méjì tí ìyá náà fi pè fúnra rẹ̀: “Ẹ má bínú sà, ọ̀fẹ́ ni a ó ṣe é.” Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ẹ́jẹ́ńsì, ẹ máa tọ́jú ìnfọ́ìsì bí ẹ ṣe ń tọ́jú àdéhùn.

Kí ó má baà dà bíi pé àwọn nìkan ló jẹ̀bi: àpèjúwe iṣẹ́ tí wọ́n fi wá ẹni àkọ́kọ́, a kà á, a sì fọwọ́ sí i. Ó jọ ohun tí wọ́n gé lára ti báńkì. Ìgbéléwọ̀n òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, ìlànà yìí, ètò tọ̀hún. Ilé búrẹ́dì ni tiwa, ní Ìbàdàn, òṣìṣẹ́ 140, ṣífíìtì méjì. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé aago méje alẹ́ ni ṣífíìtì kejì ń wọlé, pé ìyẹ̀fun máa ń dínkù lóru, pé alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í pe fóònù kó tó kan ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà mọ HR báńkì dénú. Ààrò ni kò bá pàdé rí.

Àpèjúwe tó máa wúlò gbọ́dọ̀ sọ iye òṣìṣẹ́ àti ṣífíìtì, ẹni tí máníjà ń jábọ̀ fún, bóyá òun ni yóò máa ṣírò owó-oṣù tàbí akáńtì, bóyá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà, àti ohun tó gbọ́dọ̀ ti parí kí oṣù mẹ́ta tó pé. A fi mẹ́ta sínú tiwa lẹ́ẹ̀kejì: kí pẹ́ńṣàn máa wọlé láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí a bá ti san owó-oṣù, kí gbogbo ẹni tó ti lé ní oṣù mẹ́ta ní ìwé tó sọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí gẹ́gẹ́ bí Labour Act, òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ṣe wí, kí kúẹ́rì, ìwé tí a fi ń bi òṣìṣẹ́ léèrè ẹ̀sùn, sì ní ìlànà. Ọ̀gá tó ń bójú tó wa ní ó ti gùn jù. A ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibi tí inú wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nìyí. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ wa lé àǹtí kan lọ́wọ́, ẹni tó ń ṣe ìwádìí lẹ́yìn olùwáṣẹ́. Tí gbogbo ẹ́jẹ́ńsì bá ní irú rẹ̀, a ò ní máa kọ irú nǹkan báyìí. Kò pe nọ́ńbà tí olùwáṣẹ́ kọ sínú CV rárá. Ó lọ wá nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ó ní kí wọ́n so òun mọ́ ẹ̀ka owó-oṣù, ìbéèrè mẹ́ta ló sì bi wọ́n: ọjọ́ wo ló wọlé, ọjọ́ wo ló jáde, ta ló ń tọwọ́ bọ ìwé owó-oṣù nígbà náà? Ẹnìkan tó kọ ọdún mẹ́ta sílẹ̀, oṣù 14 ló lò níbẹ̀. Ẹlòmíràn tó ní òun ń ṣàkóso owó-oṣù, akáńtì ló ń ṣe é, òun ń pín ìwé rẹ̀ ni. Àǹtí yìí tún kọ̀wé sí CIPM, ẹgbẹ́ tí òfin gbé ètò òṣìṣẹ́ lé lọ́wọ́, láti mọ̀ bóyá orúkọ wọn wà nínú ìwé. Ẹ ṣọ́ra fún CV tó bá kọ ọ́ pé “in view”, ìyẹn pé ìwé ẹ̀rí náà ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Ìyẹn lè wà lójú ọ̀nà títí ọdún mẹ́wàá.

Òun náà ló gbà pé kí a dán àwọn mẹ́rin tó kù wò pẹ̀lú iṣẹ́ gidi, fún ìṣẹ́jú 40, láìsí fóònù. Ìbéèrè kìíní: ẹni tó ń po ìyẹ̀fun ń gba owó ìpìlẹ̀ ₦90,000, owó ilé ₦40,000, owó ọkọ̀ ₦20,000. Èló ni pẹ́ńṣàn? Orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ń kà á lé: 8% tirẹ̀ jẹ́ ₦12,000, 10% tiwa jẹ́ ₦15,000, ₦27,000 lápapọ̀. Méjì nínú wọn kà á lórí owó ìpìlẹ̀ nìkan, wọ́n mú ₦16,200 jáde. Ẹ máa rò pé ₦10,800 ni wọ́n fi dín in. Ẹ fi 140 pọ̀ ọ́n, ká ní gbogbo wọn ń gba iye kan náà: ₦1,512,000 lóṣù kan, pẹ̀lú owó ìtanràn tí kò lè dín ní 2% lóṣù lórí gbèsè náà. Owó ẹ́jẹ́ńsì kò tó o.

Ìbéèrè kejì: wọ́n ká àpò ṣúgà méjì mọ́ ẹnìkan lọ́wọ́ lóru, ó ti lo ọdún mẹ́rin. Kí lẹ máa ṣe kí ilẹ̀ tó mọ́? Ẹnìkan ní kí wọ́n lé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀nà ilé ẹjọ́ nìyẹn. Obìnrin tí a gbà kọ ọ́ báyìí: kí súpáfáísọ̀ àti ọlọ́dẹ kọ ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó lọ sílé, kí wọ́n fún un ní kúẹ́rì láàárọ̀, kó ní wákàtí 48 láti fèsì, kí ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́ta gbọ́ tẹnu rẹ̀, kí ẹnìkan láti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jókòó níbẹ̀. Ó wá fi kún un pé bí ọ̀rọ̀ bá já sí nótíìsì lásán, ọ̀sẹ̀ méjì ni òfin fún ẹni tó ti lo ọdún méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pé márùn-ún. A ò tilẹ̀ bi í léèrè ìyẹn.

Ohun kan tún bí wa nínú. CV àwọn 11 ni wọ́n kó sínú WhatsApp ẹyọ kan, àdírẹ́sì ilé àti NIN wà lára wọn, ẹnìkan tí kò sí ní ilé-iṣẹ́ wa mọ́ sì ṣì wà nínú ẹgbẹ́ náà. Òfin ìdáàbòbò déétà ti wà láti ọdún 2023, ẹ́jẹ́ńsì ló sì yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n yọ wọ́n kúrò lọ́jọ́ kejì tí a pariwo. Ti ìwé àṣẹ ìjọba láti máa bá ènìyàn wá òṣìṣẹ́, wọ́n fi hàn wá lọ́jọ́ tí a bèèrè, kò sí wàhálà.

Nótíìsì máníjà fúnra rẹ̀, ẹ má gbé e lé Labour Act. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àkóso kò sí lára àwọn tí òfin yẹn pè ní òṣìṣẹ́. Ohun tó wà nínú àdéhùn yín ni yóò dè yín. Oṣù mẹ́ta la kọ sínú ti obìnrin yìí. Ó ti pé oṣù mẹ́jọ níbẹ̀, alága ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sì ti ń pe fóònù kó tó wá.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. A ti tún bá wọn tọwọ́ bọ̀wé láti wá máníjà ilé ìkẹ́rù. Ní ìpínrọ̀ keje, a fi bírò pa placement rẹ́, a kọ “ọjọ́ tó wọṣẹ́” sókè rẹ̀, àwa àtàwọn sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́.