Crocs, Kito, òkìríkà tàbí sàńdà awọ: èwo ló lè gba ìyà ẹsẹ̀ ọmọdé lásìkò ooru?

Ọmọ ọdún mẹ́rin kì í rìn. Eré ló máa ń sá, kódà bó jẹ́ láti pálọ̀ dé kíṣìnì ló ń lọ. Láti oṣù Kejìlá tí ilẹ̀ ti gbẹ títí di oṣù Kẹta tí ooru bá mú gan-an, ìta ni wọ́n máa ń wà: bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ pupa, gọ́tà tí wọ́n ń fò kọjá, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fi orí bàtà wọ́ nílẹ̀ kó lè dúró. Bàtà irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Mẹ́rin tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa ni mo fẹ́ fi wéra, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Mi ò ka sìlípáàsì mọ́ ọn, torí kì í dúró lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń sáré. Kánfáàsì náà kò sí níbẹ̀: ẹsẹ̀ máa ń làágùn nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Àmọ́ kí ọmọ máa rin ẹsẹ̀ lásán ló burú jù gbogbo rẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí ìṣó àti àfọ́kù ìgò, aràn kan wà nínú ilẹ̀ ẹlẹ́gbin tó máa ń gba awọ ẹsẹ̀ wọ inú ara.

Crocs àti ayédèrú rẹ̀

Láti ọdún 2002 ni wọ́n ti ń tà á ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n ayédèrú ló pọ̀ jù nínú èyí tí ẹ máa rí ní Bálógùn. Ó fúyẹ́, omi kì í wọ inú fóòmù rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lálẹ́, yóò ti gbẹ láàárọ̀. Fún ọmọ tí kò tíì lè de bàtà fúnra rẹ̀, ó rọrùn gan-an. Okùn ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ fà wò dáadáa kí ẹ tó sanwó, torí ibi tó ti so mọ́ ara bàtà ló máa ń kọ́kọ́ já, bó bá sì ti já, sìlípáàsì lásán ló kù. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Ooru máa ń mú kó sún kì. Bí ẹ bá sì mú ọmọ lọ sí ilé ìtajà ńlá tó ní àtẹ̀gùn oníná, ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí bàtà rẹ̀ má kan ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Ní ọdún 2008, ìjọba Jàpáànì ní kí ilé iṣẹ́ Crocs tún ìrísí bàtà náà ṣe, nítorí àwọn ọmọ tí àtẹ̀gùn há ẹsẹ̀ wọn.

Kito

Gbogbo sàńdà tó ní okùn fẹ̀ǹfẹ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ra là ń pè bẹ́ẹ̀. Ó máa ń di ẹsẹ̀ mú ju Crocs lọ, ó sì dára fún ìrìn àjò. Ìka ẹsẹ̀ wà níta, nítorí náà ọmọ tó ń gbá òkúta kò ní ààbò nínú rẹ̀. Iyanrìn àti òwú máa ń kún ibi tó ń lẹ̀ mọ́ra; ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó gbọ̀n ọ́n jáde, yóò tún máa lẹ̀ dáadáa.

Òkìríkà tó bo ìka ẹsẹ̀

Ibí yìí ni owó mi ti ṣòfò, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Àwọn sàńdà òyìnbó tó bo ìka ẹsẹ̀, tó ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ nípọn, ni wọ́n wuyì jù lójú òbí. Ẹ máa rí wọn ní Katangowa, ẹ máa rí wọn ní Yábàá, ẹ sì máa rí wọn ní Aswani lọ́jọ́ Túsìdeè. Èyí tí mo rà dà bíi tuntun, kò tilẹ̀ sí ìdọ̀tí lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ wọ̀ ọ́ lọ síbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó gé kéèkì, àtẹ́lẹ̀ ti ń rún bí àádùn. Nígbà tó yá, mo ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù gidi, tuntun nínú páálí, owó rẹ̀ sì ga. Bó ṣe ṣe ti àkọ́kọ́ ló ṣe tiẹ̀ náà. Òǹtajà sọ fún mi pé ọmọ mi ló le. Inú bí mi, torí ọmọ náà kò ṣe ju kó rìn lọ.

Aránbàtà àdúgbò wa ló kọ́kọ́ fi ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó rún un láàárín ìka méjì, ó ní, “Mọ́mì, gọ́ọ̀mù ò lè mú èyí. Kò sóhun tó máa lẹ̀ mọ́.” Òótọ́ ló sọ. Fóòmù kan tí wọ́n ń pè ní polyurethane ni wọ́n fi ṣe irú àtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń tú èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ palẹ̀ díẹ̀díẹ̀, láti inú wá. Bàtà náà ì báà wà nínú páálí, kí ẹnikẹ́ni má sì wọ̀ ọ́ rí, iṣẹ́ náà ń lọ. Afẹ́fẹ́ Èkó kì í gbẹ bíi ti ìlú tí bàtà ti wá, nítorí náà ìparun rẹ̀ yá kánkán níbí. Èyí tó ti pẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí lókè òkun, tó wá gun ọkọ̀ ojú omi, tó tún dúró nínú béèlì, ti gbó kí ẹ tó fojú kàn án. Rọ́bà gidi kì í ní àrùn yìí, bẹ́ẹ̀ ni fóòmù Crocs.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ká bàtà náà po kí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gìgísẹ̀, kí ẹ wá wo ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́: bó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tàbí tí ojú èékánná dúró síbẹ̀ tí kò padà, ó ti ń kú lọ. Ẹ wo inú ahọ́n bàtà tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń tẹ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe é síbẹ̀. Èyí tó bá ti lé ní ọdún márùn-ún, èmi kò ní fọwọ́ kàn án, bó ti wù kó mọ́ tó. Bí òǹtajà kò bá jẹ́ kí ẹ ká a po, ẹ máa bá tiyín lọ.

Sàńdà awọ tí aránbàtà rán

Èyí ló wà lẹ́sẹ̀ ọmọ mi báyìí. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára. Púpọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń pè ní awọ jẹ́ aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà bò lójú, yóò sì bó kí ẹ̀ẹ̀rùn tó parí. Ẹ wo etí ibi tí wọ́n ti gé e: awọ gidi máa ń ní fọ́nrán, èkejì máa ń fi aṣọ hàn lábẹ́. Àwọn aránbàtà Èkó máa ń rí awọ rà ní Mushin. Èyí tó wá láti Kánò dára.

Ohun tí ẹ máa sọ fún un ni pé kó bo ìka ẹsẹ̀, kó lo irin ìdè dípò èyí tó ń lẹ̀ mọ́ra, kó lo àtẹ́lẹ̀ rọ́bà tàbí táyà, kó sì fi òwú rán an yípo lẹ́yìn tó bá ti lẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ òwú yẹn. Gọ́ọ̀mù máa ń rọ̀ bí ooru bá mú, àtẹ́lẹ̀ á sì ya lẹ́nu bí ọmọ bá fi wọ́ kẹ̀kẹ́ dúró. Bí òwú bá já, wọ́n á tún un rán kí ẹ tó ra ata tán.

Ó wúwo díẹ̀, ó sì máa ń le ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa wọ̀ ọ́ nínú ilé fún ìgbà díẹ̀ lójúmọ́, kí ẹsẹ̀ má bàa bó. Bí omi bá rin ín, abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ ti sá a, kí ẹ wá fi òrí pa á.

Nọ́ńbà

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọn ẹsẹ̀, kí ọmọ wà ní ìdúró. Ẹyọ ìgbálẹ̀ tí àwọn ìyá wa fi ń wọ̀n ọ́n ṣì wúlò: láti gìgísẹ̀ dé ìka tó gùn jù. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan lé díẹ̀ kún un, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po kan àtààbọ̀. Nọ́ńbà Yúróòpù nìyẹn. Ẹsẹ̀ tó jẹ́ 16 yóò di 17.2, nọ́ńbà rẹ̀ á sì sún mọ́ 26. Ẹ tún un wọ̀n ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ má ra èyí tí yóò wọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Inú bàtà tó tóbi ni ọmọ ti máa ń ṣubú jù.

Èwo ni kí ẹ rà?

Fún ilé ìwẹ̀, etí òkun àti ilé ìyá àgbà, Crocs tó. Fún ìrìn àjò, Kito dára. Òkìríkà lè jẹ́ ti yín bí ẹ bá ní sùúrù àti ká a po, tí àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ rọ́bà. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tó ń wà níta lójoojúmọ́, bàtà tí ẹnì kan ládùúgbò lè tún ṣe ni kí owó tó pọ̀ jù lọ síbẹ̀. Owó sàńdà awọ máa ń ju ti ayédèrú Crocs lọ. Ìṣirò rẹ̀ á yé yín nígbà tí ẹ bá ra ayédèrú kẹta.

Kí oṣù Kọkànlá tó parí ni kí ẹ bá aránbàtà sọ ọ́. Bí Kérésì bá ti sún mọ́lé, iṣẹ́ máa ń pọ̀ lọ́wọ́ wọn, gọ́ọ̀mù nìkan ni wọ́n á sì fi lẹ̀ ẹ́ bí ẹ kò bá dúró tì wọ́n.