Ìyẹ̀fun spirulina tí mo rà ní Ògbómọ̀ṣọ́: ìdì méjì, àwọ̀ méjì

Iṣẹ́ kéèkì ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí ó sọ mí di ẹni tí ń wá ìyẹ̀fun spirulina, ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín kan tí ń hù nínú omi, ni oníbàárà kan tí kò fẹ́ àwọ̀ inú ìgò lójú kéèkì ọmọ rẹ̀, tí ó sì fẹ́ kí ó jẹ́ àwọ̀ aró síbẹ̀. Lọ́nà Ìlọrin ni mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń sin ohun tíntìntín yìí nínú adágún sìmẹ́ńtì lẹ́yìn ilé, tí ó ń sá a, tí ó ń lọ̀ ọ́, tí ó sì ń tà á ní gíráàmù 100. Mo ra ìdì kan ní oṣù Kẹta, mo tún ra òmíràn ní oṣù Kẹjọ. ₦4,500 ni mo san lẹ́ẹ̀mejèèjì, ṣùgbọ́n ọjà tí mo gbà kì í ṣe ọ̀kan náà.

Mo bu ṣíbí kékeré kan nínú ìdì kọ̀ọ̀kan sínú ife omi tútù, mo sì gbé wọn sínú fíríìjì mọ́jú. Èròjà àwọ̀ aró tí ó wà nínú spirulina, tí wọ́n ń pè ní phycocyanin, máa ń yòrò sínú omi, nígbà tí àwọ̀ ewé rẹ̀ àti èyí tí ó pọ́n bí epo kì í yòrò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi ti oṣù Kẹjọ ti di aró gidi, ó sì ń pọ́n fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ kọlù ú. Ti oṣù Kẹta dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ẹ̀fọ́ tí ó ti rọ.

Mo padà lọ bá a. Ó ní, “Ẹ má bínú, mà, ìyà ni mo fi jẹ wọ́n kí àwọ̀ wọn lè jáde.” Ó ti kà á níbì kan pé oòrùn líle àti ebi ni ó ń mú àwọ̀ wá, nítorí náà ó ká àwọ̀n tí ó fi ń ṣíji bo adágún kúrò, kò sì fi ajílẹ̀ sí omi fún ìgbà pípẹ́. Ohun tí ó kà kì í ṣe irọ́, kì í kàn ṣe spirulina ni wọ́n ń bá wí. Dunaliella salina, ohun tíntìntín mìíràn tí ó ń gbé inú omi iyọ̀, ni oòrùn gbígbóná, iyọ̀ púpọ̀ àti àìtó náítírójìn (oúnjẹ tí ó wà nínú ajílẹ̀) máa ń sọ di pípọ́n, nítorí pé ó ń kó beta-carotene, irú èyí tí ó wà nínú epo pupa, jọ láti fi dáàbò bo ara rẹ̀. Òmíràn tí wọ́n ń pè ní Haematococcus náà ń di pupa nínú irú ìnira bẹ́ẹ̀.

Ti spirulina yàtọ̀. Phycocyanin ni ó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ jù, kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́, á sì dín in kù, ṣùgbọ́n bí òjò bá ṣú, á fi kún un. Ebi tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Purotéènì ni phycocyanin, náítírójìn sì wà nínú rẹ̀, nítorí náà nígbà tí náítírójìn inú omi bá tán, spirulina á yíjú sí àwọ̀ ara rẹ̀, á máa jẹ ẹ́ bí àgbẹ̀ ṣe ń jẹ àká nígbà ìyàn. Ooru ojú ọjọ́ wa níhìn-ín kò pa á lára, nítorí ìwọ̀n Celsius 30 sí 35 bá a lára mu dáadáa, omi oníkáún ni ó sì fẹ́ràn. Káún tí à ń fi sínú ewédú rán mi létí èyí: agbègbè adágún Chad tí káún ti ń wá náà ni àwọn obìnrin Kanembu ti ń kó spirulina jọ láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ń sá a di pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní dihé.

Orí páànù ni ó sá ìkórè oṣù Kẹta sí, ìyẹn náà sì jẹ nínú àwọ̀ tí ó ṣẹ́kù, nítorí bí ooru bá ti ń lọ sí 60, phycocyanin á máa bàjẹ́ kíákíá. Abẹ́ òrùlé ni ó ń sá a sí báyìí, pẹ̀lú fáànù. Kò dá owó mi padà, ṣùgbọ́n ó fi ìdì kékeré kan ṣe ènì.

Bọ́tà àti ṣúgà tí mo fi ti oṣù Kẹjọ pò dára lójú, àwọ̀ náà sì dúró títí àwọn ọmọdé fi jẹ ẹ́ tán. Mo gbìyànjú rẹ̀ nínú kéèkì tí mo gbé wọ ààrò, owó ṣòfò: ó jáde ní àwọ̀ eérú. Òórùn adágún wà lára rẹ̀ díẹ̀, fàní́là sì bò ó. Àbùkù tí ó ṣẹ́kù ni pé ọ̀rá funfun tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ ni ó ń dì í sí, kò sì kọ oṣù ìkórè sára rẹ̀. Mo ti sọ fún un. Títí tí yóò fi ṣe é, ìkórè ìgbà òjò ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.