Ìkìlọ̀: Ẹ Yẹ Orí Igi Wò Kí Ẹ Tó Ra Pákó Dẹ́ẹ̀kì Púùlù Lọ́wọ́ Oníṣòwò Yìí

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Maryland àti agbègbè rẹ̀, mo kí yín o. Àkókò òtútù ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti ń múra láti gbé púùlù orí ilẹ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn ilé fún àwọn ọmọ. Ọkùnrin oníṣòwò pákó kan náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti tún ń gbé ìpolówó rẹ̀ káàkiri orí WhatsApp àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Àdìpọ̀ igi tí ènìyàn yóò fi kan dẹ́ẹ̀kì fúnra rẹ̀ ló ń tà, ìyẹn pèpéle onípákó tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ púùlù. Mo ra tèmi lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, 3,850 dọ́là ni mo san. Bí ẹ bá ti ń bá a dúnàádúrà lọ́wọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì san kọ́bọ̀ títí ẹ ó fi ka ọ̀rọ̀ yìí tán.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí, nítorí pé ẹjọ́ wa ti wà níwájú adájọ́. Ìṣesí rẹ̀ ni ẹ ó fi dá a mọ̀. Ọmọ Yorùbá ni, ó mọ̀ọ̀yàn-án kí, kò sì ní pè yín lórúkọ lásán láìfi ẹ̀gbọ́n tàbí màmá síwájú rẹ̀. Kò ní ìsọ̀ tí ènìyàn lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Inú ọkọ̀ akẹ́rù ló máa ń ti já igi sílẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló sì sábà máa ń gbé e dé, nígbà tí ojú ọjọ́ ti ń ṣú. Zelle nìkan, ìyẹn ètò orí fóònù tí a fi ń fi owó ránṣẹ́ láti báńkì sí báńkì, ló ń gba owó sí. Ó ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé iye tí òun ń ta àdìpọ̀ kan kò tó ìdá méjì nínú mẹ́ta iye tí àwọn ilé ìtajà ńlá ń tà á. Òtítọ́ ni èyí, kò parọ́ níbẹ̀.

Ibi tí ẹ̀tàn náà wà gan-an nìyí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ní Amẹ́ríkà níbí, pákó tí wọ́n fi oògùn sí kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é máa ń kó igi sínú àgbá irin ńlá, wọn a sì fi agbára ti omi oògùn tó ní bàbà nínú wọ ara igi náà, kí ikán àti èbu má baà jẹ ẹ́. Igi tí yóò wà lókè, tí atẹ́gùn yóò máa fẹ́ sí, tí òjò bá pa á tí yóò tètè gbẹ, oògùn díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i. Èyí tí yóò wọ inú ilẹ̀, tàbí tí yóò fara kan ilẹ̀, oògùn tirẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Kí ẹni tó ń rà á lè mọ ìyàtọ̀, wọ́n máa ń fi píìnì kan ìwé pélébé kan mọ́ orí igi kọ̀ọ̀kan, níbi tí ayùn ti gé e. Orúkọ ilé iṣẹ́ tó fi oògùn sí i, orúkọ oògùn náà, àti àmì àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wọn wò yóò wà lára ìwé yìí. Bí wọ́n bá kọ UC3B sí i, tàbí "ABOVE GROUND", igi òkè nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ UC4A, tàbí "GROUND CONTACT", igi tó lè bá ilẹ̀ gbé ni.

Nínú gbogbo igi tí ó já sílẹ̀ fún mi, ẹyọ kan ṣoṣo ni ìwé wà lórí rẹ̀, ó sì jọ pé wọ́n gbójú fò ó ni, nítorí pé àárín àdìpọ̀ ló wà. "ABOVE GROUND" ni wọ́n kọ sí i. Mo pè é, mo bi í pé kí lèyí túmọ̀ sí. Ó dá mi lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí above-ground ni wọ́n ń pe púùlù yín? Igi tí wọ́n ṣe fún un nìyẹn." Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà ló sì sọ fún ìdílé mẹ́ta mìíràn tí mo ti bá sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà, bí ó ṣe sọ ọ́ fún mi gẹ́lẹ́. Púùlù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé a kò gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Igi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀. Orúkọ kan náà ni, ìtumọ̀ wọn sì jìnnà síra, nítorí pé òpó dẹ́ẹ̀kì púùlù, inú ilẹ̀ gan-an ló ń lọ. Àní àwọn igi ìdábùú tó gbé pákó dúró pàápàá, láti ọdún 2016 ni àwọn tó ń ṣe òfin oògùn igi ní Amẹ́ríkà ti sọ pé kí wọ́n jẹ́ ti ilẹ̀ bí wọ́n bá wà ní ibi tí yóò ṣòro láti pààrọ̀ wọn, tàbí tí wọn kò bá fi ínǹṣì 6 ga ju ilẹ̀ lọ.

Lórí àwọn igi yòókù, ojú ihò píìnì ló kù. Ihò kéékèèké méjì méjì, tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, pẹ̀lú okùn ìwé funfun díẹ̀ tó há sínú òmíràn. Mo rí wọn lọ́jọ́ tí mo ń kan igi, n kò sì mọ ohun tí mo ń rí.

Àwọn òpó ló wá burú jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ìyàwó mi pè mí pé ilẹ̀kùn àtẹ̀gùn dẹ́ẹ̀kì kò fúnra rẹ̀ pa dé mọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, ilẹ̀kùn náà wà ní ṣíṣí sílẹ̀, bọ́ọ̀lù ọmọ-ọmọ wa, ọmọ ọdún mẹ́ta, sì wà lórí àtẹ̀gùn kejì. Ọmọ náà wà nínú ilé, Ọlọ́run ló ṣe é. Òpó tí mo kan ilẹ̀kùn náà mọ́ ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo gbẹ́ erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ díẹ̀, mo fi ẹnu túnásukúrúù tì í, ó sì wọlé tó ìlàjì ìka mi bí ìgbà tí ènìyàn ń ki ọ̀bẹ bọ inú iṣu jíjinná. Mo fi ayùn gé òpó náà. Inú rẹ̀ funfun láti ìhín dé ọ̀hún, àwọ̀ ewé tó wà lára rẹ̀ kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Mo fi aṣọ tútù nu ẹ̀gbẹ́ kan tí oòrùn kì í dé, aṣọ náà sì di aláwọ̀ ewé. Wọn kò fi oògùn kankan sí i rárá. Ọ̀dà ni wọ́n kùn ún.

Mo fẹ́ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà fi ẹ̀sùn kan olódodo: òpó ńlá tí wọ́n fi oògùn tòótọ́ sí náà lè funfun díẹ̀ ní àárín gbùngbùn, nítorí pé oògùn kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ àárín igi tó le. Nítorí náà, gígé nìkan kò tó ẹ̀rí. Ìwé orí igi ni ẹ̀rí, ìwúwo rẹ̀ lọ́wọ́ sì máa ń ranni lọ́wọ́, torí igi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oògùn jáde máa ń wúwo, ó sì máa ń rin. Ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 ló dá gbé àwọn òpó tiwa kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Ó yẹ kí n ti fura lọ́jọ́ náà.

Sukúrúù àti ìṣó tí ó kó pọ̀ mọ́ àdìpọ̀ náà kò dára rárá. Bàbà inú oògùn igi máa ń jẹ irin lásán, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ìṣó àti sukúrúù dẹ́ẹ̀kì jẹ́ èyí tí wọ́n rì bọ inú síǹkì gbígbóná, tàbí irin tí kì í dípẹtà, pàápàá níbi tí omi oníkílórínì ń ta sí lójoojúmọ́. Tèmi jẹ́ olómi wúrà dídán, wọ́n lẹ́wà nínú páálí. Kí ọdún kan tó pé, ìpẹtà pupa ti ń ṣàn wálẹ̀ lára pákó bí ẹ̀jẹ̀, orí wọn sì ń já kúrò bí mo bá fẹ́ tú wọn.

Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni mo bẹ̀rù jù, nítorí pé ó máa ń fúnni ní ìmọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní kí n gbé ẹnu igi ìdábùú lé etí púùlù kí n lè dín òpó mẹ́rin kù. N kò gbà, ohun kan ṣoṣo tí mo kọ̀ fún un nìyẹn, mo sì ń dúpẹ́ títí di òní. Púùlù roboto tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 24, tí omi inú rẹ̀ jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 4, ń gba omi bí gálọ́ọ̀nù 13,500. Ìwúwo omi náà ju 112,000 pọ́n-ùn lọ. Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká ti ní ẹrù tó ń tì í láti inú. Wọn kò ṣe é láti gbé dẹ́ẹ̀kì àti ènìyàn mẹ́wàá lórí. Dẹ́ẹ̀kì gbọ́dọ̀ dá dúró lórí òpó tirẹ̀.

Ó tún ní dẹ́ẹ̀kì tó bá dá dúró kò nílò ìwé àṣẹ ìjọba. Mo gba èyí gbọ́, ó sì dùn mí jù, nítorí pé ìwé àṣẹ náà ni ìbá gbà mí. Lẹ́yìn tí òpó ti jẹrà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pe ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Obìnrin tí wọ́n rán wá fara balẹ̀ ṣàlàyé pé bí mo bá ti gba ìwé ni, wọn ìbá ti wá wo kòtò òpó kí n tó da kọnkéré sí i, wọn ìbá sì ti béèrè ìwé orí igi. Ínǹṣì 18 ni oníṣòwò yìí ní kí n gbẹ́, kí n ki òpó bọ inú erùpẹ̀. Ínǹṣì 30 ni wọ́n ń béèrè lọ́dọ̀ wa, kí òtútù má baà sọ omi inú ilẹ̀ di yìnyín kí ó sì máa ti òpó sókè. Dẹ́ẹ̀kì tó bá ga ju ínǹṣì 30 lọ gbọ́dọ̀ ní ọgbà tó ga tó ínǹṣì 36, kí àlàfo inú rẹ̀ má sì gba bọ́ọ̀lù tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 4 kọjá. Ní ti ọgbà tó dáàbò bo púùlù fúnra rẹ̀, ínǹṣì 48 ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fúnra rẹ̀ pa dé, kí ó fúnra rẹ̀ há, kí ó sì máa ṣí síta, kì í ṣe síhà púùlù. Ọgbà inú àdìpọ̀ tirẹ̀ kò dé ínǹṣì 32.

Ó tún ní igi kan tí ó ń pè ní igi ògbólógbòó, èyí tí ó ń tú láti ibi àwọn èbúté àtijọ́, tí ó sì ń tà ní ẹ̀dínwó púpọ̀. Ẹ má rà á, kódà bí ó bá fẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Títí di ìparí ọdún 2003, oògùn tó ní ásẹ́níìkì nínú ni wọ́n ń fi sí igi ilé ní orílẹ̀-èdè yìí, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ fún iṣẹ́ ilé gbígbé. Májèlé ni. Àwọn ọmọ wa yóò máa fi ẹsẹ̀ lásán àti ara tútù jókòó lé e lórí. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan tó rà á ti fi àjákù rẹ̀ dáná láti yan àgbàdo kí a tó sọ fún un. Eérú irú igi bẹ́ẹ̀, májèlé náà wà nínú rẹ̀.

Ní ti owó, báńkì sọ fún mi pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi fi Zelle ránṣẹ́, nítorí náà kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe. Ká ní káàdì àwìn ni mo fi sanwó, òfin fún mi ní 60 ọjọ́ láti kọ̀wé ta ko owó náà lẹ́yìn tí ìwé gbèsè bá dé. Mo tún kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn kọ́lékọ́lé ní ìwé àṣẹ ní Maryland, àmọ́ ẹni tó bá kọ́ nǹkan fúnni ni wọ́n lè dì mú, òun sì jẹ́ ẹni tó ta igi lásán. Mo gbà pé ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń tẹnu mọ́ ọn pé kí a kàn án fúnra wa. "Igi, 1" ni ohun tí ó kọ sí rìsíìtì mi. Bí ẹ bá máa ra igi níbikíbi, ẹ ní kí wọ́n kọ oríṣi rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti UC4A sí i kedere.

Ilé ẹjọ́ District Court ni mo gbé e lọ, nítorí pé wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju 5,000 dọ́là lọ níbẹ̀ láìsí pé ènìyàn gba lọ́yà. Nọ́ńbà fóònù tí ó ń lò báyìí yàtọ̀ sí èyí tí ó fi pè mí, ó sì ti yọ àwòrán ara rẹ̀ kúrò. Ẹ̀yin tí ẹ ti rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbẹ́ ìdí òpó yín wò ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn púùlù pa dáadáa kí ẹ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ya àwòrán ojú ihò píìnì, ẹ má da èyí tí ẹ bá gé nù, kí ẹ sì fi ẹ̀sùn sùn ní ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní ọ́fíìsì Attorney General ti Maryland. Mo gé òpó méjì nínú tiwa, mo sì fi tapólì bò wọ́n sínú gáréèjì. Ẹni tó bá fẹ́ gbé tirẹ̀ wá kí a fi wé ara wọn, kí ó tẹ mí láago, mo máa ń wà nílé ní Sátidé.